Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Kọ́ Ló Yẹ Ká Sá Fún

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kòkòrò apasójà ara àti àìsàn éèdì tó ń dá sílẹ̀: bó ṣe ń ràn, bí a ṣe lè dènà rẹ̀, àti ìdí tó fi yẹ kí oníkálukú ṣe àyẹ̀wò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mo ṣe jẹun. Ohun tí iṣẹ́ náà sì fi yé mi ni pé ẹni tí àwa ará ìlú ń bẹ̀rù kọ́ ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wá.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì jáde láyé ní Èkó, lẹ́ni ọdún 58. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992, ló jáde sí àwọn oníròyìn tó sì là á mọ́lẹ̀ pé àìsàn tó jẹ mọ́ éèdì ló pa àbúrò òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí. Bí irú àrùn yìí bá pa èèyàn nínú ilé, a ó ní ibà ni, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, a ó ní ayé ló ṣe é. Ìdílé tó lórúkọ láti Abẹ́òkúta ni ìdílé wọn, kò sì sí ẹni tí ì bá bi bàbá náà léèrè bó bá dákẹ́. Kò dákẹ́. Àwọn kan bínú sí i, àwọn mìíràn ò sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ti gbà pé àrùn òyìnbó ni, tàbí pé aṣẹ́wó nìkan ló ń mú, gbọ́ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn láti ẹnu ẹni tí wọn ò lè pè ní onírọ́. Olíkóyè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìlera ìgbèríko, síbẹ̀ mo ka ìkéde ọjọ́ yẹn mọ́ ìtọ́jú tó ga jù lọ tó ṣe fún orílẹ̀-èdè yìí.

Àrùn náà kì í ṣe tuntun láàárín wa nígbà yẹn. Láti 1986 ni wọ́n ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 ni. Ọmọ ọdún 13! Ẹni tó bá ń sọ pé ìwà ìṣekúṣe nìkan ló ń fa àrùn yìí, kó kọ́kọ́ ro ti ọmọ yẹn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ikú Fẹlá ni àkókò tó bọ́ sí. Ní 1996, ọdún kan péré ṣáájú, ló hàn sí gbogbo ayé pé bí èèyàn bá lo oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà á rọlẹ̀, ara á sì padà bọ̀ sípò. Oògùn yẹn wọ́n ju ohun tí apá mẹ̀kúnnù ilẹ̀ wa ká. Ní 2002 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fojú sùn fún 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé, ní 2006 ni wọ́n sì sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá àrùn yìí lọ láàárín wa lónìí kò kú nítorí àìsí oògùn. Wọn ò mọ̀ ni, tàbí kí wọ́n mọ̀ kí ìtìjú má jẹ́ kí wọ́n jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo bí kòkòrò yìí ṣe ń ṣe. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ohun tí a ń pè ní sójà ara wà, àwọn ló ń bá àìsàn jà. Àwọn ọ̀gágun wọn gan-an ni kòkòrò yìí máa ń wá lọ. Bí àfòmọ́ ṣe máa ń ta gbòǹgbò sínú igi obì, tí yóò máa fi omi igi náà dàgbà títí igi yóò fi rọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wọnú sójà, tí yóò máa fi í bí ara rẹ̀ sí i. Ó tún máa ń fi díẹ̀ nínú ara rẹ̀ pamọ́ síbi tí oògùn kò lè dé. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi ń mú un rọlẹ̀ tí kò sì tíì lè gbá a kúrò pátápátá, òun náà ló sì fà á tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dá oògùn dúró yóò rí i pé kòkòrò náà tún ti jí.

Ibi tó yẹ kí ẹ fetí sí dáadáa rèé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí kòkòrò bá wọlé, ibà lè mú èèyàn, ọ̀nà ọ̀fun lè máa dùn ún, ara lè sú díẹ̀. Kí ni ẹni náà yóò ṣe? Yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, yóò ra oògùn ibà tàbí kó se àgbo. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ara á yá, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àgbo náà jẹ́. Àgbo kọ́ ló jẹ́ o. Ara ló ti bá kòkòrò náà jà fún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà, ó lè tó ọdún 8 sí 10 kí àmì kankan tó hàn lára ẹni tí kò lo oògùn. Yóò sanra, yóò ṣe ìgbéyàwó, yóò bímọ, yóò jó lóde àríyá. Ọ̀sẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní oníbà yẹn gan-an ni kòkòrò máa ń kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jù, ìgbà yẹn ló sì rọrùn jù fún un láti kó o ran ẹlòmíì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á wo ojú èèyàn òun á sì mọ̀, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ ọkùnrin, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí àti omi ọyàn ìyá ni kòkòrò yìí ti ń rìn. Ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ́ọ̀mù ló ń gbé e kiri jù ní ilẹ̀ wa, pàápàá láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Bí àtọ̀sí tàbí egbò bá wà lójú ara, ó rọrùn sí i fún un láti wọlé, èyí sì ni ìdí tó fi yẹ kí á tọ́jú àtọ̀sí nílé ìwòsàn dípò kí á máa ra egbòogi lórí ìró. Ìdábẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń ṣe fún ọmọkùnrin láti kékeré ń dín ewu náà kù fún ọkùnrin ní nǹkan bí 60 nínú 100, ṣùgbọ́n kì í ṣe ààbò tó pé, kò sì dáàbò bo obìnrin tó bá bá a sùn. Kò ràn nínú bíbọwọ́, kò ràn nínú jíjẹun nínú abọ́ kan náà, ìdìmọ́ra, òógùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí kí èèyàn jọ sùn lórí ẹní kan. Ẹ̀fọn ò lè gbé e. Bí ẹ̀fọn bá bu èèyàn jẹ, itọ́ ara rẹ̀ ló ń tu sí wa lára, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ bù jẹ. Kòkòrò ibà mọ bí a ti ń gbé inú ẹ̀fọn, èyí kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ń kú sí.

Ẹ̀yin onídìrí àti onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ yín kàn. N kò ní dẹ́rù bà yín pé ṣọ́ọ̀bù yín ni àrùn yìí ti ń tàn kálẹ̀, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Bíléèdì tí a fi gé irun ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kan orí ẹlòmíì. Abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń rán irun mọ́ orí máa ń gún awọ orí nígbà míì, tí ẹ kì í sì í mọ̀. Ẹ ra tuntun, tàbí kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì sè é nínú omi tó ń hó fún 20 ìṣẹ́jú. Àwọn olóólà wa àti àwọn tó ń sín gbẹ́rẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí jù yín lọ, torí pé àwọn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣí awọ ara ni. Abẹ kan fún ẹnì kan, kí wọ́n sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn rẹ̀. Kòkòrò apasójà ara kì í pẹ́ kú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ, àmọ́ ti àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B lè wà láàyè lórí abẹ tó gbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ìmọ́tótó kan náà ló ń gbà wá lọ́wọ́ méjèèjì.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ olóyún, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún tí kò yẹ kó wáyé. Bí obìnrin tó ní kòkòrò yìí bá lóyún, tó bí, tó sì fún ọmọ lọ́mú láìsí ìtọ́jú kankan, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o. Bí ìyá bá lo oògùn bó ṣe yẹ, iye náà á wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 5. Ẹ tún un gbọ́: kò ní tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn lójoojúmọ́ ni ìyá yóò máa lo, wọn yóò fún ọmọ ní oògùn olómi lẹ́yìn ìbímọ, wọn yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá náà lè fún un lọ́mú: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ògì, kí òun fúnra rẹ̀ má sì pa oògùn jẹ. Síbẹ̀ Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ tuntun ti ń kó kòkòrò yìí jù láyé. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò títí tí wọ́n á fi bí. Ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àdúgbò tàbí ilé àbíyè ìjọ ni wọ́n ń lọ, nítorí pé ó sún mọ́ wọn, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èmi ò bá ìyá agbẹ̀bí jà, lára wọn ni mo ti kọ́ sùúrù. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ran aboyún lọ ṣe àyẹ̀wò, kó sì jẹ́ pé ọkọ tẹ̀ lé e. Obìnrin tó bá dá lọ, tó dá gbọ́ èsì, tó sì dá padà sílé, ẹjọ́ ló sábà máa ń bá nílé: ọkọ tí kò tíì yẹ ara tirẹ̀ wò yóò ní òun ló gbé àrùn wọlé.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ. Ẹnìkan rí i níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀ lọ́jà. Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ̀kọ ò lè ran èèyàn ní kòkòrò yìí, bó ti wù kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀kọ sílẹ̀, ká bi ara wa pé ta ló léwu nínú ọjà yẹn. Obìnrin yẹn mọ ohun tó wà lára rẹ̀, ó sì ń gbé oògùn rẹ̀ mì lálaalẹ́. Mélòó nínú àwọn tó sá fún un ló ti ṣe àyẹ̀wò rí?

Ní 2018, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ń wọlé lójúlé lójúlé, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 15 sí 49, èèyàn 14 nínú 1,000 ló ní kòkòrò yìí. Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa, nǹkan bí 11. Ti obìnrin jẹ́ 19 nínú 1,000, ti ọkùnrin 9. Àwọn iye wọ̀nyí kéré sí ohun tí a ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, a sì dúpẹ́. Ohun tó yẹ kó gba oorun lójú wa ni èyí: nínú àgbàlagbà tí wọ́n bá kòkòrò náà lára wọn, kò tó ìdajì tó mọ̀ pé òun ní in. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó mọ̀, ó lé ní 9 nínú 10 tó ń lo oògùn. Ohun tí èyí fi yé mi ni pé àwọn èèyàn wa kì í kọ oògùn tí wọ́n bá ti mọ̀. Àìmọ̀ ni ìṣòro wa.

Kí ni oògùn ń ṣe fún ẹni tó ń lò ó? Èsì ìwádìí kan jáde ní 2011 lórí tọkọtaya 1,763 ní orílẹ̀-èdè 9, tí Màláwì, Kẹ́ńyà, Bòtìsúwánà àti Gúúsù Áfíríkà wà lára wọn. Ẹnì kan ní kòkòrò náà, ẹnì kejì ò ní. Níbi tí ẹni tó ní in ti tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, ewu kí ẹnì kejì kó o lára rẹ̀ fi 96 nínú 100 dínkù. Ní 2016, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Yúróòpù tún jáde. Wọ́n tẹ̀ lé tọkọtaya 888 tí oògùn ti mú kòkòrò ẹnì kan wọn rọlẹ̀ débi pé ó kéré gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bára wọn lò pọ̀ láìlo kọ́ńdọ́ọ̀mù ní nǹkan bí ìgbà 58,000. Ẹni mélòó ló kó o lára ẹnì kejì rẹ̀? Kò sí ẹyọ kan. Oògùn kan ṣoṣo lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò báyìí, ọ̀fẹ́ ni, láàárín oṣù mẹ́fà sì ni ó sábà máa ń mú kòkòrò náà rọlẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tí àyẹ̀wò yẹn bá ti sọ pé tirẹ̀ kò ṣeé rí mọ́, tí kò sì jáwọ́ nínú oògùn, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Òun ni a ń sá fún o. Ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò rí la jọ ń jó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé wòlíì ní òun ti gbà á kúrò, tàbí pé oníṣègùn kan ní àgbo tó ń gbé e lọ. Kò sí àgbo kankan tí wọ́n tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo àrùn yìí. Mo ti rí àwọn tó dá oògùn dúró nítorí irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sì kọ́kọ́ dé bá wọn. Ẹ gbàdúrà yín, ẹ má sì dá oògùn dúró. Wòlíì tó bá fẹ́ ìwàláàyè yín kò ní bínú sí èyí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́. Bí wọ́n bá fipá bá ẹnìkan lò pọ̀, tàbí kọ́ńdọ́ọ̀mù ya, tàbí abẹ́rẹ́ gún òṣìṣẹ́ ìlera, oògùn kan wà tó lè dènà kòkòrò yìí bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, tó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Bó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ sí ló dára sí. Ẹ jọ̀ọ́, bí irú aburú yìí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ má kọ́kọ́ pe ìpàdé ẹbí. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, ìpàdé á dúró dè yín. Fún ẹni tí kò ní kòkòrò ṣùgbọ́n tó wà lójú ewu, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò gbà kí wọ́n lo kọ́ńdọ́ọ̀mù, oògùn ìdènà ojoojúmọ́ wà. Ní 2024, ìwádìí ní Gúúsù Áfíríkà àti Uganda tún fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà dáàbò bo obìnrin tó lé ní 2,000, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó kó kòkòrò náà nígbà ìwádìí.

Ẹ̀rù ìtìjú kì í ṣe ìtànjẹ, mo mọ̀. Ní Èkó, wọ́n lé obìnrin kan tó ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kúrò níbi iṣẹ́ ní 1995 nítorí kòkòrò yìí. Nígbà tó pe ẹjọ́, adájọ́ kan kò jẹ́ kó wọ inú kóòtù ní 2001, pé kó má baà kó o ran àwọn èèyàn. Ní 2012 ni kóòtù tó dá a láre. Láti ìgbà náà, òfin ọdún 2014 ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi kòkòrò yìí dá iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ du èèyàn, agbanisíṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe dandan kó tó gba èèyàn síṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ ń gba ọmọ iṣẹ́, òfin yẹn kàn yín.

Ó sì kan àwọn pásítọ̀ wa tí kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló ni èsì náà, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìjọ. Bí èsì bá sì ní kòkòrò wà lára ẹnì kan, ìgbéyàwó kò tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n lè fẹ́ra, wọ́n lè bí ọmọ tí kòkòrò kò sí lára rẹ̀. Àyẹ̀wò ọjọ́ ìgbéyàwó kò sì lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹwàá.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n á gún ìka, wọ́n á gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú èsì á jáde. Èyí tí èèyàn lè dá ṣe nílé, tí wọ́n fi ń ra ẹrigì, náà wà. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé itọ́ ló ń kó o ràn nìyẹn o. Àmì pé ara ti bá kòkòrò náà jà ló ń wá níbẹ̀, kì í ṣe kòkòrò náà. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá sọ pé ó wà, wọn yóò fi ohun èlò mìíràn tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹni náà sì lè bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ kan náà. Bó bá sọ pé kò sí, tó sì jẹ́ pé láìpẹ́ yìí ni ewu wáyé, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí àmì náà tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti tò ohun èlò wọn sí yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa wọlé, àfi tọkọtaya tó bá fẹ́ jọ wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ èsì yín àyàfi ẹ̀yin. Èmi náà wà níbí fún ìbéèrè, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti béèrè níwájú ẹgbẹ́.